Ìdájọ́ Mi Lórí Ẹ̀rọ Tuntun Búsàrí

Wọ́n ní kí n wá wò ó, mo wò ó.
Ó funfun bí wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi,
ó ga, ó rí pẹlẹbẹ, ó dá dúró lórí tábìlì
bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó nílé ẹni.
Búsàrí ta ọ̀kadà kan kó tó rà á.
Gbogbo Pákátà ló mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ.

Èrò tèmi rèé, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá mi jà:
ti àtijọ́ sàn ju èyí lọ.
Ti àtijọ́, dúdú, wúwo, eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀,
o fi síídì sí i, ó ké kírírí, ó ṣí.
Bí kò bá ṣí, o dojú rẹ̀ dé, á ṣí.
Èyí tuntun, ọjọ́ tó délé ló ní ebi ń pa òun.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ dátà:
ó jẹ ti Búsàrí tán, ó jẹ ti ìyàwó rẹ̀,
ó tún yá ti Ààfáà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn,
kí a tó rí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gbá.

Ti páàdì ńkọ́? Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.
Páàdì olókùn ni páàdì.
Okùn yẹn kì í ṣe ti iná nìkan,
òun ló ń so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ àga
títí yóò fi san àádọ́ta náírà rẹ̀.
Aláìlókùn, ọ̀sẹ̀ kejì ló ti rìn lọ sí Ìsàlẹ̀-Kòtò,
a ò tíì gbúròó rẹ̀.

Fáànù inú rẹ̀ wá ńkọ́! Ìyá wa jáde láti yàrá,
wọ́n ní, "Ta ló gbé ẹ̀rọ ata wọ pálọ̀?"

Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ la wà, irọ́ ò dáa:
àwòrán rẹ̀ dára. Ó dára débi pé ó ń bani lẹ́rù.
Koríko ń mì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.
Òógùn ń kán létí agbábọ́ọ̀lù, o lè kà á.

Lẹ́yìn àṣámù, Muhíbù ọmọ Búsàrí jókòó tì í,
ó pa orúkọ àwọn òyìnbó rẹ́,
ó fi àdúgbò wa rọ́pò wọn:
Yísà onísúyà níwájú, Ràhímì télọ̀ lápá òsì,
Jímọ̀ tó ń tiro ló fún ní eré ẹsẹ̀ jù.
Èmi, ó ní kí n ṣọ́lé.

Mo sún mọ́ ọn kí n rí orúkọ mi lẹ́yìn aṣọ.
OKE ló wà níbẹ̀.
Mo ní, "Muhíbù, ta ni Òkè?"
Ó ní, "Ẹ̀yin ni, bọ̀ọ̀dá. Kò ní àmì. Mo wá a tì."

Ẹ gbọ́ o.
Ẹ̀rọ tó mọ òógùn yà, tó mọ koríko lọ́kọ̀ọ̀kan,
tó gbé odindi ọ̀kadà mì,
kò mọ àmì bíńtín abẹ́ lẹ́tà.
Inú ọ̀kẹ́ ni wọ́n ti bí mi, agbẹ̀bí ló là á.
Orí òkè kankan kọ́ ni wọ́n ti gbé mi sọ̀kalẹ̀.

Mo fẹ́ bínú. Bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀.
Òkè fò.
Ó fò dáadáa, kí n má purọ́, ó nà bí ológbò,
èmi tí mi ò lè fo gọ́tà iwájú ilé wa,
ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù,

iná lọ.

Nínú òkùnkùn, Muhíbù ń búra pé kò wọlé.
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó wọlé, ó fi Kùránì búra.
Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi
bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.
Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí wọn, ta ló máa rí i?
Mo ní mo mú un.